Òwú Dúdú Lẹ́yìn Báàjì

Ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín lásán ni o, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń rín lọ́sàn-án tí wọ́n á sì ti gbàgbé kí wọ́n tó jẹun alẹ́. Ẹni tí wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀ nìkan ni kò gbàgbé.

Ọmọ Adó pọ́ńbélé ni Olúyẹ́misí Ìbítóyè. Tíṣà ni bàbá rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló sì ń ka Bíbélì fún ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ní yunifásítì kan ní Adó-Èkìtì, Yẹ́misí ni igbákejì ààrẹ Ẹgbẹ́ Afárá, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ẹ̀ka ní ogójì orílẹ̀-èdè. Ipò ààrẹ gan-an ló dù lọ́dún tó kọjá. Ó rò pé tòun ni, nítorí ta ló tún mọ ìlú, tó mọ èèyàn, tó sì mọ àlejò í tọ́jú bí òun? Àfi bó ṣe dìde sọ̀rọ̀ tí ohùn Èkìtì rẹ̀ yọ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí wọ́n jọ ń du ipò náà, Olúwajùwọ́nlọ, ọmọ ará Ṣakí tí ìyá rẹ̀ ń ta ìkòkò irin ní Fájuyì, sín in jẹ lórí wọ́sáàpù ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà. Ohùn tó gbà sílẹ̀ náà kò gùn ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàdínlógún lọ. Gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́ ọ, wọ́n rín in títí, Jùwọ́n sì wọlé. Nígbà tó yá, ó wá tọrọ àforíjì, ó ní eré lòun ń ṣe. Yẹ́misí ní kò burú. Irọ́ ló ń pa.

Ní báyìí, ipò kan tún yọjú tó ju ti ààrẹ lọ: aṣojú Áfíríkà nínú ìgbìmọ̀ àgbáyé ẹgbẹ́ náà, ọdún kan gbáko ní Nàìróbì. Orúkọ méjì ló kù lórí ìwé, ti Jùwọ́n àti ti Yẹ́misí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n máa fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, gbogbo ayé ló sì mọ̀ pé Jùwọ́n lẹ́nu. Yorùbá dùn lẹ́nu rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì dùn, ó tún gbọ́ Faransé díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò ẹnu ibodè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà, Yẹ́misí wọ ọkọ̀ lọ sí Ìgèdè.

*

Bàbá Ilésanmí ló ń tún maṣíìnì ìránṣọ ṣe ní Ìgèdè. Òun ló ń tún ti màmá Yẹ́misí ṣe títí màmá náà fi kú. Àwọn èèyàn a tún máa gbé àwọn nǹkan mìíràn tó bàjẹ́ lọ bá a, àmọ́ wọn kì í sọ ìyẹn síta, pàápàá àwọn tó ń jókòó níwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, Bàbá."

"Ọmọ Tíṣà! Ṣé maṣíìnì ulé yín ló tún há ni?"

"Rárá, sà. Èèyàn ni."

Bàbá gbé ìgò òróró tó ń kán sí irin sílẹ̀. Kò bèèrè irú èèyàn wo. Ó kàn nu ọwọ́, ó sì ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé ìdajì, bí ẹni pé oòrùn ń gún un lójú.

"Mi ò fẹ́ kó kú o, Bàbá," ni Yẹ́misí ń wí, ọ̀rọ̀ ń sáré lẹ́nu rẹ̀. "Mi ò fẹ́ kó ṣàìsàn pàápàá. Kí ahọ́n rẹ̀ kàn wúwo lọ́jọ́ kan ṣoṣo, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, kó máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ."

"Gbogbo yín lẹ máa ń sọ pé ẹ ò fẹ́ kó kú," Bàbá dáhùn. Ó wọlé lọ, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde. Ohun tó mú bọ̀ kò tó ẹ̀kúnwọ́: òwú dúdú tí wọ́n wé mọ́ igi tín-ín-rín, abẹ́rẹ́ kan, àti ẹbu kan nínú bébà tó ń rùn bí òróró maṣíìnì àti bí irun tó jóná.

"Rán an sẹ́yìn ohun tó máa wà láyà. Má sọ̀rọ̀ nígbà tó o bá ń rán an, ẹni yòówù kó kí ọ. Àyà tó bá wà títí oòrùn fi wọ̀, ibẹ̀ ló máa ṣiṣẹ́. Ìgbà kẹta tí oòrùn bá wọ̀ lórí rẹ̀, kò sí lọ́wọ́ mi mọ́, kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kó tó dìgbà náà, ó ṣe é tú."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń tú u, sà?"

"Tó o bá fẹ́ tú u, wá bá mi."

Ó tẹ́ Yẹ́misí lọ́rùn. Ó ti rò ó já nínú ọkọ̀: kí Jùwọ́n wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, kó kólòlò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí òun sì tú u kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹnikẹ́ni ò ní kú. Bí èèyàn bá ti lè ṣètò ibi bí ẹni ṣètò àsè báyìí, ọkàn rẹ̀ a sinmi, a tún máa rò pé òun ò burú tó bẹ́ẹ̀.

*

Nínú Ẹgbẹ́ Afárá, igbákejì ààrẹ ló ń tọ́jú kóòtù àwọn olóyè. Búlúù ni kóòtù náà, báàjì aṣọ sì ń bẹ ní àyà òsì rẹ̀ tí wọ́n fi òwú ya àwòrán afárá sí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Yẹ́misí mú ti Jùwọ́n wọ yàrá màmá rẹ̀, ó tú báàjì náà, ó da ẹbu sẹ́yìn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú dúdú rán an padà.

Bàbá rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ó ń kọ orin ìjọ lábẹ́ imú. "Yẹ́misí, kí lò ń rán?"

Kò gbọ́dọ̀ dáhùn. Ó gbé kóòtù náà sókè díẹ̀ kí bàbá rí i, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni? Ó dáa. Ọlọ́run á san án fún ọ."

Ọ̀rọ̀ àdúrà ni bàbá sọ. Àmọ́ abẹ́rẹ́ gún Yẹ́misí ní àtàǹpàkò lójú ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì yọ sí etí báàjì náà. Ó fi itọ́ nù ún kúrò.

*

Ọjọ́rú ni àwọn àlejò dé láti Lomé, Kùmásì àti Kétu. Ilé Tíṣà Ìbítóyè ni wọ́n fi Monínúọlá wọ̀ sí, ọmọ Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ògbufọ̀ ẹgbẹ́. Faransé, Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá, èyí tó bá wù ẹ́ ni kó o fi bá a sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n ń lò ní gbogbo ìpàdé ẹgbẹ́ láti Dàkà dé Yàúǹdé, ohùn náà ló sì ń fi ra oúnjẹ fún ìyá rẹ̀ àgbà nílé.

Ní ilé, bó ṣe gbọ́ tí Yẹ́misí ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó dáwọ́ jíjẹun dúró.

"Tún un sọ."

"Kí ni mo sọ?"

"Ulé. O ní ulé. Bí ìyá mi àgbà ṣe ń fa ọ̀rọ̀ ni ìwọ náà ń fà á. Ọ̀rẹ́ mi, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ẹnu yìí ṣe fún ọ o."

Láti ọdún kan, ẹni àkọ́kọ́ nìyẹn tó yin ẹnu Yẹ́misí. Ó dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ bu omi, ó sì lọ sunkún díẹ̀ ní ilé ìdáná. Àwọn méjèèjì sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, wọ́n sì sọ̀rọ̀ títí oorun fi gbé wọn.

*

Àṣà kan wà nínú Ẹgbẹ́ Afárá tí wọn kì í fi ṣeré. Lọ́jọ́ tí ìpàdé bá parí, olóyè á gé báàjì tirẹ̀ fún àlejò, àlejò náà á gé tiẹ̀ fún un. Yẹ́misí mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ti fi sínú ìṣirò rẹ̀: ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìyẹn. Ohun tí kò mọ̀ ni pé báàjì kóòtù Monínúọlá ti fà ya lójú ọ̀nà, nínú ọkọ̀ tó gbé wọn wá.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Yẹ́misí wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn tó ń to ọ̀rá omi, nígbà tí ẹnìkan yọ orí lójú fèrèsé. "Igbákejì, ṣé àlùmọ́gàjí wà lọ́wọ́ yín?"

Ó fà á yọ nínú báàgì, ó sì nà án sí i. Kò béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ gé.

Nígbà tó wọlé, àtẹ́wọ́ ti ń dún. Jùwọ́n dúró lórí pèpéle, àyà òsì kóòtù rẹ̀ ti ṣófo, báàjì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àlejò tó bá dé láìní báàjì," ó ń wí, "ààrẹ ní í fún un ní tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òfin wa wí. Igbákejì ààrẹ ní í sì rán an mọ́ ọn láyà. Igbákejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síwájú."

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ọ̀nà pọ̀ tó lè gbà. Ó lè ní abẹ́rẹ́ sọnù. Ó lè mú báàjì náà, kó ní ó dọ̀tí, kí òun lọ fọ̀ ọ́. Ó tiẹ̀ lè ṣubú lulẹ̀ kó díbọ́n pé òòyì kọ́ òun. Ṣùgbọ́n igba ojú ló wà lára rẹ̀, inú gbọ̀ngàn yìí kan náà ni wọ́n sì ti fi í rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ síwájú. Monínúọlá gbé àgbọ̀n sókè kó lè ráyè ṣiṣẹ́.

"Má gún mi o," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Òwú dúdú náà nìkan ló wà nínú báàgì Yẹ́misí, òun ló sì fi rán an. Ẹbu náà ń rùn sí i nímú bó ṣe ń fa abẹ́rẹ́ lọ, tó ń fà á bọ̀. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ òwe náà lẹ́nu bàbá rẹ̀, kò sì rò pé òun ló ń bá wí rí.

*

Ìyá Jùwọ́n ló gbé oúnjẹ wá fún àwọn àlejò lọ́sàn-án. Ó rí kóòtù ọmọ rẹ̀, ó sì dúró. Fọ́nrán òwú kan ṣì wà níbi tí wọ́n ti gé báàjì kúrò. Ó fà á yọ, ó gbé e sí imú.

"Ta ló rán kóòtù ọmọ mi?"

"Èmi ni, mà," Yẹ́misí dáhùn.

"Kóòtù búlúù. Kí ni òwú dúdú wá ṣe níbẹ̀?"

"Òwú búlúù ló tán, mà."

Obìnrin náà wò ó. Kò bínú, kò fa ojú ro. Ó kàn wé òwú náà mọ́ ìka rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tì í bọ etí ìró rẹ̀. "Ó dáa. Òwú mọ ọwọ́ tó rán an." Ó sì yíjú sí àwọn àlejò, ó ń bù wọ́n lóúnjẹ. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ Yẹ́misí ti tutù, tí kò sì móoru mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn gun Òkè Ayọ́ba lọ ya fọ́tò. "Bọ́ kóòtù yẹn, kí n bá ọ lọ̀ ọ́," Yẹ́misí ń bẹ Monínúọlá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ̀ ẹ́. Monínúọlá ní rárá, òun fẹ́ fi báàjì Adó ya fọ́tò kí ìyá òun àgbà lè rí i. Ó na fóònù rẹ̀ sí Yẹ́misí. Yẹ́misí gbà á, ó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn àlejò náà, oòrùn wọ̀.

Monínúọlá wú ikọ́. Ó fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀. "Ó dà bí ẹni pé nǹkan há mi lọ́fun," ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti ń ha.

*

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó la ẹnu, kò sóhùn. Èémí lásán ló ń jáde. Ó kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dún. Tíṣà Ìbítóyè po oyin mọ́ omi gbígbóná fún un, ó gbàdúrà lé e lórí, ó ní ohùn ló há, yóò là. Títí di ọ̀sán kò là, Monínúọlá kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbìyànjú láti pe orúkọ ara rẹ̀.

Yẹ́misí ò lè jẹun. Ó bu búrẹ́dì, fọ́nrán òwú dúdú kan yọrí nínú rẹ̀. Ó fà á, òwú ń bọ̀. Ó tún fà á, kò tán. Ó ju búrẹ́dì náà sínú ààtàn. Bó ṣe ń padà bọ̀, ó gbọ́ ìró maṣíìnì láti yàrá màmá rẹ̀ tó wà ní títì pa. Ó ṣí i. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, àmọ́ kẹ̀kẹ́ maṣíìnì ṣì ń yí díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀.

Ó sáré lọ sí Ìgèdè. Bàbá Ilésanmí jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti fi aṣọ funfun di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́.

"Ẹlòmíràn ti ti ọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ yìí," ni ohun àkọ́kọ́ tó sọ. "Má bi mí bí mo ṣe mọ̀."

"Bàbá, ẹlòmíràn ló mú! Àlejò wa ni. Kò ṣẹ̀ mí. Ẹ gbà mí, sà."

"Ọwọ́ tó rán an ni kó tú u. Kí ẹni tó wà láyà rẹ̀ wà níbẹ̀, kí ẹni tó o torí ẹ̀ ṣe é náà wà níbẹ̀. Kí ẹnu rẹ sì sọ ohun tí ọwọ́ rẹ ṣe, ní gbangba. Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́la."

"Ṣé mi ò lè tú u nígbà tó bá sùn?"

"O lè tú aṣọ. Ṣé aṣọ ló ń dà ọ́ láàmú?"

Yẹ́misí yíjú sí títì. "Ọ̀la ni wọ́n máa fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, Bàbá."

Bàbá Ilésanmí wò ó títí, ojú sì ń ti bàbá fún un. "Agogo mẹ́fà àbọ̀ kọjá ni oòrùn ń wọ̀," ó wí. "Èyí tó kù, ìwọ lo mọ̀ ọ́n." Ó dìde, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn dé pátápátá.

*

Agogo méjìlá ọ̀sán Àbámẹ́ta ni wọ́n fún Yẹ́misí, agogo kan ni ti Jùwọ́n. Yẹ́misí ṣírò rẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di agogo méjì, òun á ti parí. Òun á pe àwọn méjèèjì jókòó, òun á tú u lójú wọn, òun á sọ ọ́. Wọ́n á lé òun kúrò lẹ́gbẹ́, bàbá òun á gbọ́, ó ti gbà bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n ṣáà kọ́kọ́ gbọ́ ohùn òun ná.

Iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ẹni tó máa bá wọn sọ̀rọ̀ láti Nàìróbì lórí kọ̀ǹpútà ò wọlé. Ó di agogo méjì, ó di mẹ́ta. Ní agogo mẹ́ta kọjá, Jùwọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo olóyè: òun wà nílé ìwòsàn pẹ̀lú Monínúọlá láti àárọ̀, òun ò ní lè wá mọ́, kí ìgbìmọ̀ yọ orúkọ òun kúrò. "Àlejò wa ló ṣáájú," ó kọ. "Yẹ́misí, máa ṣe tìrẹ lọ. Ọlọ́run á gbè ọ́."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ẹni tí wọ́n jọ ń dù ú mọ́. Ilé ìwòsàn náà ò jìnnà, ọ̀kadà kan ṣoṣo ló máa wọ̀. Ó jókòó sí ojú kan náà, ó ń wo ilẹ̀kùn tí wọ́n máa gbà pè é.

Ogún ìṣẹ́jú kọjá agogo márùn-ún ni wọ́n tó pè é.

Èmi ò mọ ohun tó bọ́ sí i lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ń tò jáde bí ìlẹ̀kẹ̀. Ohun tí wọ́n bi í, ó dáhùn. Ohun tí wọn ò bi í, ó dáhùn ìyẹn náà. Obìnrin kan tó ṣolórí ìgbìmọ̀ náà fara ti àga, ó ní, "Jẹ́ ká gbọ́ ọ ní èdè ìyá rẹ. Kí ni afárá túmọ̀ sí fún ọ?" Yẹ́misí wá fi Èkìtì sọ ọ́. Ulé, uṣẹ́, ulẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ń gbé mì láti ọdún kan. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà nu ojú.

Ìmọ́lẹ̀ wà lára ògiri níwájú rẹ̀. Ó pupa, ó sì ń gòkè lára ògiri náà. Yẹ́misí rí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò rí i. Ó fẹ́ dìde, ó wá dà bí ẹni pé wọ́n ti fi òwú wé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ẹsẹ̀ àga, lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá Jùwọ́n nìyẹn, ó wí nínú ara rẹ̀. Ìyá Jùwọ́n ló dì mí mú.

"Ṣé ó tún ku ohun tó o fẹ́ sọ?" obìnrin náà bi í. "Tí kò bá sí, o lè máa lọ."

"Ó kù, mà," Yẹ́misí dáhùn, ó sì bá ọ̀rọ̀ lọ.

*

Nígbà tó dé ilé ìwòsàn, wọ́n ti tan iná. Monínúọlá fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, kóòtù rẹ̀ wà lórí àga. Jùwọ́n dìde pàdé rẹ̀.

"A ti gbọ́. Ìwọ ni wọ́n mú. Inú mi dùn, tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́. Ohùn tí mo sín jẹ níjọ́sí yẹn, ojú rẹ̀ ń tì mí títí dòní."

Yẹ́misí ò lè wo ojú rẹ̀. Ó gbá kóòtù mú, ó fi eyín já òwú báàjì, ó ya á kúrò. Kò sí ẹbu lẹ́yìn rẹ̀, kò tiẹ̀ rùn. Òwú tó wà lẹ́nu rẹ̀, búlúù ni. Wọ́n rán an dáadáa, ó gún régé, bí ẹni pé ọwọ́ tirẹ̀ ò kàn án rí.

"Kí lò ń wá níbẹ̀?" Jùwọ́n béèrè.

"Òwú ló fẹ́ já," ó wí. "Mo fẹ́ tún un rán ni."

*

Oníṣègùn yẹ ọ̀fun Monínúọlá wò títí di ọjọ́ Àìkú, kò rí nǹkan kan. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Jùwọ́n gbé báàgì Monínúọlá lọ sí ibùdókọ̀ ní Fájuyì kí àlejò náà lè máa padà sí Kétu. Ìsọ̀ ìyá Jùwọ́n kò jìnnà síbẹ̀. Ibẹ̀ ni Yẹ́misí kọ́kọ́ gbà, ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn ìkòkò.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú mi sílẹ̀. Mo mọ ohun tí mo ṣe. Ẹ tú mi, kí n lè rí ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn tún ṣe."

"Kí n tú ọ kúrò níbo?"

"Òwú tí ẹ wé mọ́ ìka lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Òun ló dì mí mọ́ àga lọ́jọ́ Àbámẹ́ta títí oòrùn fi wọ̀. Mo fẹ́ dìde, mà. Ẹ ò jẹ́ kí n dìde."

Ìyá Jùwọ́n fi ìkòkò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wò ó bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó já sínú kànga.

"Gọ́tà ni mo ju òwú yẹn sí kí n tó délé. Mo fi omi iyọ̀ fọ kóòtù ọmọ mi, mo gbàdúrà, ó parí. N kò di ẹnikẹ́ni mú, ọmọ mi. Ìwọ lo jókòó."

Ó wu Yẹ́misí kó jẹ́ irọ́. Ó wo ojú obìnrin náà títí, ó ń wá irọ́ níbẹ̀, kò rí i.

Ó rìn lọ sí ibùdókọ̀. Monínúọlá ti jókòó níwájú ọkọ̀, ó fi ìborùn wé ọrùn. Jùwọ́n ń ki báàgì bọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Yẹ́misí di etí fèrèsé ọkọ̀ mú, ó sì sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, láti Ìgèdè dé orí báàjì, ní ohùn Èkìtì rẹ̀ tí ẹkún ti bò. Jùwọ́n dáwọ́ dúró. Nígbà tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, ó ti ẹ̀yìn ọkọ̀ pa, ó sì rìn lọ sí ìsọ̀ ìyá rẹ̀ láìbojú wẹ̀yìn.

Omi ń dà lójú Monínúọlá. Ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó gbá ọwọ́ Yẹ́misí mú, ó dì í mú ṣinṣin. Àṣé èèyàn lè rí àánú báyìí, Yẹ́misí rò ó. Lẹ́yìn náà, Monínúọlá fi ọwọ́ kejì tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù, ó gbé e sókè kó lè kà á.

"Ìgbà wo lo mọ̀ pé èmi ló mú?"

Ọ̀rọ̀ ò wọ́n Yẹ́misí. Gbogbo irọ́ tó lè pa ló tò sí i lẹ́nu, ó sì mọ̀ pé èyíkéyìí tí òun bá pa, ọmọ yìí á gbà á gbọ́.

"Láti Ọjọ́bọ̀," ó wí. "Láti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀."

Monínúọlá fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Ó bọ́ kóòtù búlúù náà kúrò lára, ó ká a, ó nà án sí i lójú fèrèsé, ó sì yí gíláàsì sókè. Dírẹ́bà pe èrò tó kù, ọkọ̀ sì gbéra.